Òṣùká Bàbá Mi Lẹ́nu Géètì

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀ tí a kò yọ kúrò títí ọdún orí rẹ̀ fi di àná. Agẹ́ńtì kan tó máa ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù ló fún bàbá mi. Òkè gíga ló wà nínú àwòrán rẹ̀, òkè ìlú òyìnbó tí yìnyín bo orí rẹ̀. Abúlé kékeré kan wà nísàlẹ̀, òrùlé ilé wọn ṣe ṣóńṣó, àwọn òyìnbó mélòó kan sì ń sáré gba ojú ọ̀nà tóóró kan lára òkè náà lọ sókè, ṣòkòtò péńpé nídìí, ọwọ́ òfìfo, eyín síta. Bí bàbá mi bá ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti fi òrí pa orúnkún, ibẹ̀ ni ojú wọn máa ń lọ.

Wọ́n á ní, "Kí ló ń lé wọn?"

Mo máa ń sọ pé, "Bàbá, kò sí nǹkan tó ń lé wọn. Eré ìdárayá ni. Tíṣà wa ní àwọn tó ń gbé níbẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n máa sáré lórí òkè."

"Tíṣà yín ń parọ́. A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí wọn ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wọn." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àbí wọ́ọ̀fù ló wà lórí òkè yẹn?"

Ìyá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀fù, á wá fèsì láti ìdí sítóòfù. "Ẹ fi òyìnbó sílẹ̀, kí ẹ sùn. Ẹ̀yin náà máa sáré tiyín lọ́la."

Ilé eléré ìje ni ilé wa, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lóde òní mo máa ń rí àwọn tó ń sáré ní Apápá láàárọ̀, bàtà aláràbarà lẹ́sẹ̀, omi lọ́wọ́, wáyà létí. Mi ò bá wọn jà. Ìlera dára. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé òun ò ka eré orí títì sí eré, àfi kí òun lọ síbi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, tí òkúta wà, tí ẹrẹ̀ wà. Ẹnu mi fẹ́ẹ̀ yún mi. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mọ ojú irin Ìjọra Bàdíà nígbà òjò. Mo kàn ní kó rọra máa ṣe é ni, mo sì bá tèmi lọ.

Bàbá mi ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Apápá. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí tí wàá máa lọ bó o ṣe fẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń yan àwọn tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá tètè dé ló ń wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ á padà sílé lọ wojú ìyàwó.

Àwọn ọkùnrin yìí kì í sì í fi ara wọn tò. Òṣùká ni wọ́n fi ń tò. Bó o bá ti dé, wàá gbé òṣùká tó o fi ń ru ẹrù kalẹ̀ sẹ́yìn ti ẹni tó ṣáájú rẹ, wàá wá lọ jókòó sídìí ògiri, tàbí kó o lọ wá ẹ̀kọ gbígbóná mu. Òṣùká rẹ ló ń dúró fún ọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá a kọjá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi ìwọ tàbí ẹni tó bá wá láti ilé rẹ. Mo rí àwọn ọkùnrin níbẹ̀ tó lè wọ̀yá ìjà nítorí àjẹkù sìgá, síbẹ̀ tí wọn ò jẹ́ fẹsẹ̀ kan òṣùká ọ̀tá wọn. Wọ́n ní orí ló ń gbé e, torí náà orí èèyàn ló wà nílẹ̀ yẹn. Òfin kan ṣoṣo ló tún kù: bí fóòmáànù tó ń yan òṣìṣẹ́ bá ti fọn fèrè, kí olóṣùká ti wà lẹ́yìn òṣùká rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, fóòmáànù á fẹsẹ̀ ti òṣùká náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ń ti tirẹ̀ léraléra, orúkọ rẹ̀ jáde nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní gáàǹgì nìyẹn, ó di aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ẹ̀yìn pátápátá ni á máa tò.

Òṣùká kálukú yàtọ̀. Àpò ìrẹsì làwọn mìíràn ká, àwọn mìíràn ká àlòkù ìró ìyàwó wọn. Ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí ni wọ́n ká fún bàbá mi, aláró tó ti ṣá. Kò sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí tí mi ò ní í dá a mọ̀.

Apá ibi tí Ajégúnlẹ̀ ti ń bá Bàdíà pàdé là ń gbé. Ọ̀nà mọ́tò tó lọ sí wọ́ọ̀fù gba Malu Road, níbi tí tírélà ti ń sùn sójú ọ̀nà tí àwọn mẹkáníìkì sì ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Bàbá mi kì í gbà á, wọ́n ní ó jìnnà. Ẹ̀bùrú ni wọ́n ń gbà. Wàá kọ́kọ́ gba orí pákó tí àwọn ará àdúgbò tò sórí àbàtà, èyí tó ń mì àti èyí tó ti jẹrà. Wàá bọ́ sórí yanrìn tí wọ́n fi ń dí ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ní Bàdíà, lábẹ́ okùn aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kó o tó gun ibi gíga tí ojú irin wà. Ibi gíga yẹn nìkan ni òkè tí a ní. Láti ibẹ̀ dé Apápá, òkúta wẹ́wẹ́ ló kù, àti àwọn igi dúdú tó gbé irin dúró. Bí wọ́n ṣe to àwọn igi náà máa ń bí mi nínú. Ìṣísẹ̀ kan kò tó o, méjì pọ̀ jù fún un. Àfi kí ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Kí orúnkún wọn tó bàjẹ́, mo máa ń tẹ̀ lé wọn dé ojú irin tí n bá fẹ́ lọ pọn omi. Wọ́n á ní, "Má wo ẹsẹ̀. Wo iwájú. Ẹsẹ̀ á rí ọ̀nà rẹ̀." Wọ́n á so ẹ̀wù iṣẹ́ mọ́ ọrùn, wọ́n á ṣí fìlà kúrò lórí, wọ́n á sì fò lọ láàárín irin méjèèjì bí ọmọdé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń bínú sí wọn pé àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn mẹ́ta iwájú ni òṣùká wọn máa ń wà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni okùn já nínú ọkọ̀ ojú omi kan, tí àpò sìmẹ́ǹtì sì já lé wọn lórúnkún. Àwọn ará wọ́ọ̀fù fi bàǹdéèjì wé e, wọ́n ní kí bàbá mi lọ sinmi. Ìgbà tí wọ́n lè rìn, wọ́n gba ẹ̀bùrú lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n dé lẹ́yìn fèrè. Wọ́n tún lọ lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ìgbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n kọjú sógiri níbi tí kàlẹ́ńdà wà. Mi ò tíì rí bàbá mi kí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí.

Ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ ará Ùròbò ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, gáàǹgì kan náà ni wọ́n jọ wà. Yorùbá wọn kò pọ̀, Pijin ni wọ́n fi ń gbé e lẹ́sẹ̀. Àwọn ni wọ́n wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. "This pikin wey dey run like bush rat, wetin she dey wait for?" Òkété ni wọ́n fi mí wé, mo sì fẹ́ bínú, kó tó yé mi pé ìyìn ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ ilé ni mo jẹ́, ọwọ́ mi lè gbé òṣùká kalẹ̀. Kí n sáré lọ fi gba àyè, kí bàbá mi máa rọra bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá mi yarí. "Ọmọbìnrin ni o. Àárín àwọn ọkùnrin tí ò wọ ẹ̀wù lẹ fẹ́ máa rán an lọ ní ìdájí?"

Bàbá mi kò sọ pé kí n lọ, wọn ò sì sọ pé kí n má lọ. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo ní màá lọ. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọ gidi lọ títí. Mo fẹ́ràn eré sísá ju oúnjẹ lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wo ògiri.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á kó ẹní wọn, wọ́n á wá ké sí mi. Wọn kì í pe orúkọ mi mọ́. "Ẹsẹ̀ mi dà?" ni wọ́n máa ń sọ. Màá dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ yín rè é." Wọ́n á gbé òṣùká lé mi lọ́wọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde. Kó tó di pé mo dé orí pákó, mo ti ń sáré.

Ìyá kan wà ní Bàdíà tó máa ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Wọ́n ti máa ń fẹ́ iná kí n tó kọjá, èéfín wọn ni mo sì fi ń mọ̀ pé mo ti fẹ́ dé ibi gíga náà. Wọn kì í gbójú sókè.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, mà."

Ohun tí a máa ń bá ara wa sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá sì ń padà bọ̀ láti lọ wọ aṣọ ilé ìwé, wọ́n á fún mi ní orí ẹja pé kí n máa jẹ ẹ́ lọ.

Lẹ́nu géètì, àwọn ọkùnrin yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n wá fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, mo sì fún wọn lésì tó tọ́ sí wọn. Ẹnu mi ò dákẹ́ láti kékeré. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbà mí bí ara wọn. Màá gbé òṣùká kalẹ̀, màá fọwọ́ tún un ṣe, màá wá kọjú sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi le sí. Ojú irin ya díẹ̀ níbi tó ti ń wọ Apápá, èèyàn kì í rí ẹni tó ń bọ̀ àfi tó bá yọ níbi ìyànà yẹn. Bí mo bá rí fóòmáànù tó gbé fèrè sẹ́nu, ọrùn mi á yí padà fúnra rẹ̀, màá máa wá fìlà bàbá mi kiri. Fóòmáànù ọ̀hún, mi ò lè pè é ní ọ̀gá títí dòní. Ó fẹ́ràn láti máa fẹsẹ̀ ti òṣùká. Ṣùgbọ́n fìlà yẹn máa ń yọ. Wọ́n á tiro wá, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn òṣùká wọn nígbà tí fèrè bá ń dún lọ́wọ́. Wọn kì í wò mí lójú níbẹ̀. Wọ́n á kàn gbá mi lórí fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ìgbà tó yá, kọ̀ntéènà gbòde. Ẹrù tí wọ́n ń kó wá nínú àpò tẹ́lẹ̀ wá ń dé nínú àpótí irin, kéréènì ló sì ń gbé e. Bàbá mi bi wá níjọ́ kan pé, "Irin tó tó ilé yẹn, orí ta ni wọ́n fẹ́ gbé e lé?" A rẹ́rìn-ín, àwọn ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́nu géètì, fóòmáànù tó máa ń ka òṣùká dé ìdajì ìlà wá ń dúró níwájú níwájú. Àwọn tó kù á fẹsẹ̀ rìn lọ sí Liverpool Road, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, bóyá wọ́n á rí ẹni tó fẹ́ tú ẹrù. Àwọn tó ti jáde nínú gáàǹgì pátápátá ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá mi kì í fẹ́ wo apá ibẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún wọn ń le sí i. Àwọn ń falẹ̀, èmi sì ní láti yára sí i. Nígbà tó yá, èémí wọn náà kò délẹ̀ mọ́. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ata tí àwọn ń tà á bọ́ wa.

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Ẹ máa sinmi."

"Ẹni tí kò níbi tó ń lọ láàárọ̀, kí la fẹ́ máa pè é?" Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọjọ́ tí òṣùká mi ò bá sí nílẹ̀ lẹ́nu géètì yẹn mọ́, ó ti parí."

Àkókò yìí ni tíṣà obìnrin tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá nílé ìwé rí mi níbi tí mo ti ń sáré bọ̀ nítorí pé mo pẹ́. Dípò kí wọ́n nà mí, wọ́n ní kí n wá sáré fún háòsì wa lọ́jọ́ ìdíje ilé ìwé. Mo sọ nílé. Ìyá mi ní ó dáa. Bàbá mi fi òrí sílẹ̀.

"Màá wá," wọ́n ní.

"Ẹ̀yin? Níbo lẹ ti fẹ́ rí àyè?"

"Màá wá. Mi ò tíì rí ọ kó o sáré rí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí mi."

"Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń rí. Ẹ̀yìn náà kì í sì í pẹ́ lójú mi." Wọ́n nawọ́ sí àwọn òyìnbó orí òkè nínú kàlẹ́ńdà. "Wò wọ́n. Ẹni tó ya àwòrán yìí ti dúró síwájú dè wọ́n. Èmi náà fẹ́ jókòó sórí àga lẹ́ẹ̀kan, kí n wò ọ́ bó o ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Wọ́n ní àwọn máa wọ dàńṣíkí Iléyá, ìyá mi sì fọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. A ti gbọ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gúnlẹ̀ tó ní ẹrù inú àpò, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n máa mú, ìgbà wo ni òmíràn máa dé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra pé fóòmáànù kò ka òṣùká dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá mi ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n kírun, wọ́n kó ẹní, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ mi dà?"

Mo fi òṣùká sínú ẹ̀wù kó má bàa tutù. Omi ti bo pákó, ìrántí ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀. Mo yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣubú dé orúnkún sínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n mo di àyà mi mú, òṣùká ò tutù. Yanrìn ti di ẹrọ̀fọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja fi ike bo iná wọn, wọ́n ní, "Nínú òjò yìí? Bàbá rẹ ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gun ibi gíga, mo bọ́ sórí àwọn igi dúdú, mo sì sáré lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe sáré rí. Mi ò wo ẹsẹ̀. N ò mọ̀ pé ó ń rẹ̀ mí. Ayọ̀ kan wà nínú kéèyàn máa sáré nínú òjò níbi tí kò ti sẹ́ni kankan, mi ò ní í purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé, ilẹ̀ iwájú géètì ṣófo. Kò sí òṣùká kankan. Mo tún ojú nù. Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀, n kò tíì ṣe ẹnì kìíní rí. Mo gbé òṣùká bàbá mi kalẹ̀ síbi tó fẹ́ kan irin géètì, mo fi àjákù rọ́bà bò ó, mo sì dúró tì í bí ìyá ọmọ. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń rí i, wọ́n ń mi orí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi, ará Ùròbò, dé, wọ́n gbé tiwọn sẹ́yìn ti bàbá mi, ó ṣe ìkejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Today na today," wọ́n ní.

Mo kọjú sí ìyànà ojú irin. Òjò dá. Ojú mọ́. Àwọn tó yọ níbẹ̀ kì í ṣe bàbá mi. Fóòmáànù jáde, ó fọn fèrè, ọrùn mi yí, kò sí fìlà níbẹ̀.

Kí fóòmáànù tó gbé ẹsẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi ti kúrò lẹ́yìn òṣùká tiwọn, wọ́n ti bọ́ sẹ́yìn ti bàbá mi. Fóòmáànù bi wọ́n pé ta ló ni í. Wọ́n ní ti ọ̀rẹ́ àwọn ni, àwọn ń bá a dúró. Ó ní èèyàn kan ò lè dúró lẹ́yìn òṣùká méjì. "Push my own," ni wọ́n wí. Fóòmáànù fẹsẹ̀ ti tiwọn, ó bọ́ sínú omi. Wọ́n wọlé lọ ṣiṣẹ́ ní orúkọ bàbá mi, kí orúkọ náà má bàa jáde. Wọ́n ṣẹ́jú sí mi pé kí n lọ sọ fún bàbá mi.

Mo sáré padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìkan ló wà lórí ahọ́n mi, mò ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́, kó lè dùn létí wọn. Mo rò pé orúnkún ló dá wọn dúró lábẹ́ ibì kan nítorí òjò.

Òótọ́ ni, abẹ́ ibì kan ni wọ́n wà. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìyá ẹlẹ́ja, wọ́n fẹ̀yìn ti òpó, fìlà wọn wà lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ojú wọn wà ní pípadé. Mo ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣíwájú lónìí. Ẹ̀yin gan-an ni ẹnì kìíní." Ìyá ẹlẹ́ja dìde, wọ́n dì mí mú. Mo tún un sọ, nítorí mo rò pé oorun ni. Ìgbà tí ìyá náà ò fi mí sílẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wọn bò mí lójú, ló tó yé mi.

Ìyá ẹlẹ́ja sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá mi yà síbẹ̀ láti sinmi díẹ̀, pé bàbá mi ní àyà ń fún àwọn. Ìyá náà bu omi fún bàbá mi. Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá béèrè pé, "Ẹsẹ̀ mi ti kọjá?"

Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Ó ti pẹ́ tó ti kọjá."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n sì pa ojú dé.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sin bàbá mi bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ìyá mi wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, wọ́n dúró lẹ́yìn àwọn ààfáà, wọn kò sunkún títí ilé fi tú. Èmi sunkún débi pé mo ń bì. Inú bí mi sí òjò, inú bí mi sí pákó, ó bí mi sí kọ̀ntéènà, mo sì gbé ọwọ́ fa kàlẹ́ńdà yẹn ya lára ògiri, nítorí pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an. Mi ò sọ ọ́ fún wọn rí, a kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa.

Ohun tí àwọn ará gáàǹgì ṣe, n ò rò pé wọ́n ṣe é fún ẹlòmíràn rí. Títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé géètì láàárọ̀ kì í gbé tirẹ̀ síwájú. Ti bàbá mi ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní fóòmáànù wò ó lọ́jọ́ kìíní, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó yà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó tẹ̀ lé e. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn àdúrà náà ni ọ̀rẹ́ bàbá mi gbé òṣùká wá fún ìyá mi. Ìyá mi tú u. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí okùn, wọ́n jókòó tì í. "Ó gbé ìwọ, ó gbé bàbá rẹ," wọ́n ní, ìgbà náà ni wọ́n tó sunkún.

Ọjọ́ ìdíje ilé ìwé dé. Mi ò fẹ́ lọ, ìyá mi ní kí n lọ, pé bàbá mi ti ṣèlérí pé àwọn á wá, èèyàn á sì wá. Ìyá mi ti ìsọ̀ ata, wọ́n wá jókòó sórí àga lọ́hùn-ún níbi tí eré máa parí sí, wọ́n gbé dàńṣíkí tí wọ́n ti fọ̀ náà lé ẹsẹ̀. Mo rí wọn. A tò sórí ìlà ẹfun, ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, ara mi yá. Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ pé èmi ni màá gbà á.

Tíṣà wa gbé fèrè sẹ́nu, wọ́n fọn ọ́n. Àwọn tó kù lọ. Ọrùn mi yí sẹ́yìn.

Mo dúró lórí ìlà, mò ń wo géètì ilé ìwé tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ariwo ń lọ. Tíṣà wa rìn wá bá mi, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní kí ló dé, kí ni mò ń wò lẹ́yìn.

Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, mà."